Ìjókòó Iwájú Nínú Ọkọ̀ Yáò

Tí mo bá délé, ohun tí àwọn ará Ìsẹ́yìn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Òkè òkun ńkọ́?" N kì í já wọn kulẹ̀. Mo máa ń ní òkè òkun wà níbẹ̀, ó ń kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níbi tí wọn ò ti lè rí mi mú: òkun kankan ò sí níbi tí mò ń gbé. Òkè ló wà níbẹ̀, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, igi tíìkì lọ súà, oko iṣu, oko òwú, àti ọ̀nà ọlọ́dà kan tó gba àárín wọn lọ sí Atakpamé, nílẹ̀ Tógò. Ojú ọ̀nà yẹn ni ìlú tí mò ń gbé wà, kò jìnnà sí Datcha. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń sáré bọ̀, kí awakọ̀ tó sín tán, ó ti kọjá ìlú wa.

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹnì kan lọ́jà Atakpamé ló ní èèyàn lè rí yàrá níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ tàpò-tàpò, mo wò títí, n kò rí ẹ̀dá alààyè. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà bíi pé àwọn ló la ọ̀nà náà. Mo dúró níwájú ilé kan, mo ní, "Àgò o!" Adìyẹ ló dá mi lóhùn. Ọkàn mi sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé àrùn ti kó gbogbo wọn lọ, èmi ló sì kù. Èmi ọkùnrin, tí mo fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò kí n tó kúrò nílé, mo gbé àpò mi rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúrà tí wọ́n kọ́ mi nílé kéú, mo sì ń fẹ̀yìn rìn padà sí títì. Ibẹ̀ ni mo ti lọ fìdí kọ lu ìyá arúgbó kan tó ń sá òwú sórí ẹní.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé a ti kú ni?"

Ìyá Àgbà ni gbogbo ìlú ń pe obìnrin náà. Èdè Ifẹ̀ tibẹ̀ ló ń sọ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana. Ó jọ tiwa, kì í sì í ṣe tiwa. Àfi bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri: o mọ̀ pé òun ni, ṣùgbọ́n àfi kó o dákẹ́ jẹ́ẹ́ kó o tó mọ ohun tó ń wí. Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ ni mò ń kọ ọ́ síbí.

Ó ní, "Wọ́n ti lọ síṣẹ́. Jókòó. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, wàá rí wọn."

Mo jókòó. Òótọ́ ni. Bí oòrùn ṣe fẹ̀yìn ti òkè, takisí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kálukú ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pe ọmọ, wọ́n ń dáná, wọ́n ń bú ara wọn nítorí omi. Ìlú tó kú lọ́sàn-án jí ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Àgbà ló sọ ìtàn ìlú náà fún mi, díẹ̀díẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló pa ahéré síbẹ̀, nígbà tí ọ̀bọ ṣì ń bá wọn pín àgbàdo dọ́gba-dọ́gba. Ahéré di abúlé. Ọ̀nà ọlọ́dà dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rí yàrá mọ́ lórí òkè Atakpamé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé háyà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà sì kàwé, wọ́n di ẹni tó ń wọ bàtà jáde láàárọ̀.

"A gbin òwú, a gbin iṣu," ni Ìyá Àgbà wí, "a wá gbin ọmọ. Òwú àti iṣu ń dúró sóko. Ọmọ ló ń lọ láàárọ̀. Ọ̀sán di ti èmi àti ewúrẹ́."

Ọmọ rẹ̀, Mùsíyé Kọ́mí, ni onílé mi; "mùsíyé" ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni níbẹ̀. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Atakpamé, ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọlúàbí tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ẹ̀ bẹ ilẹ̀kùn ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá tèmi.

Àsímáwù lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òwú rírán ló ń ṣe. Gbogbo Ìsẹ́yìn ti ń ra òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń hun òfì, ìyá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní òwú tí kò bá ti àárín ìka èèyàn jáde, òun ò mọ bí yóò ṣe mọ ara èèyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, kẹ̀kẹ́ ìrànwú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ó ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ò ní kó o wá sin mí. Mùsùlùmí ni mí. Bí mo bá kú láàárọ̀, n kò ní rí ìrọ̀lẹ́ lókè eèpẹ̀. O ò lè bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ni kó o bá mi dé. Tí àwọn Àáfà bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ mi kí wọ́n dìde fún àdúrà, kí wọ́n má pe tìrẹ kí wọ́n máa wò yíká."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní kú."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ọjọ́ kẹjọ."

Mo ní màá dé. Ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo tí mo jẹ́ kí n tó kọjá ibodè nìyẹn.

Ẹ̀yà ara alùpùpù ni mò ń tà lọ́jà Atakpamé, nítorí náà èmi pẹ̀lú di ẹni tó ń jáde láàárọ̀. Ọkọ̀ Yáò ni mò ń wọ̀. Takisí kékeré ni, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ má bi mí bí èèyàn méjì ṣe ń jókòó sórí àga ẹnì kan. Èmi ni ẹnì kan, Tàntí Afí sì ni ẹnì kejì, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń tọ́ oúnjẹ náà wò dáadáa. Òun ló ni àga. Èmi ló ni ọ̀pá jíà.

"Sún, Tọ́ntọ́n!" Bí wọ́n ṣe ń pe mí nìyẹn, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá wọn. "Sún! Àbí ìwọ nìkan lo ra ọkọ̀?"

"Tàntí, ibo ni kí n sún sí? Orí itan Yáò ni mo wà yìí."

"Dúró síbẹ̀. Bóyá wàá mọ ọkọ̀ wà, kó o fi lọ wá ìyàwó sílé yín."

Àwọn tó wà lẹ́yìn á rẹ́rìn-ín títí a ó fi dé orí òkè. Ọdún bíi mélòó kan ni mo fi gbọ́ ẹ̀rín yẹn láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ lédè Ewé sí i. Faransé ńkọ́? Mo mọ "bọnjúù," mo mọ "sẹ́ sẹ̀ẹ̀," ìyẹn ni pé ó wọ́n. Èyí ló tó fún ọjà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó béèrè ìwé ìrìnnà mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mo kí i ní "bọnjúù" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì na bùrẹ́dì ọwọ́ mi sí i dípò ìwé. Ó jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé. Awakọ̀ àjèjì kan gbé wa láti ọjà, ó fẹ́ já wa sílẹ̀ láìdé ìlú, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Èébú Ewé tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá tú jáde lẹ́sẹẹsẹ, láìṣìnà. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà.

Tàntí Afí pàtẹ́wọ́. "Tọ́ntọ́n ti di ọmọ ilẹ̀ wa o! Ó ti mọ èébú!"

Mo máa ń rò ó. Bí mo bá lọ sílé ní Ìsẹ́yìn, wọ́n á nu àga, wọ́n á gbé e fún mi, wọ́n á ní kí n jókòó dáadáa. Àlejò là ń gbé àga fún. Nínú ọkọ̀ Yáò, wọ́n ń fi ìdí tì mí. N kò mọ ibi tó ń jẹ́ ilé mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tì mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìpè. Bí a bá ti kírun tán lọ́jà, màá pe fóònù àbúrò mi obìnrin, Sàrátù, òun náà á gbé e fún ìyá. Ìyá mi ò gbà pé fóònù lè gbé ohùn jẹ́jẹ́ kọjá ibodè, nítorí náà ariwo ló máa ń pa.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Láìpẹ́, Ìyá."

"Láìpẹ́ yẹn ti dàgbà o, ó yẹ kó ti fẹ́yàwó. Òwú dà?"

Ọ̀rọ̀ òwú nìyẹn. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, tí wọ́n ń kó òwú lóko, Ìyá Àgbà máa ń ya èyí tó funfun jù sọ́tọ̀, ó máa ń yọ kóró inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó máa ń ní, "Ti ìyá rẹ nìyí." Wọn ò rí ara wọn rí. Màá di í sápò, màá fi rán oníṣòwò kan tó ń lọ síhà ilé. Ìyá mi náà á fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́ padà. Àwọn ìyá méjèèjì ń ṣe ọ̀rẹ́ lórí mi, bíi pé èmi ni ọ̀nà ọlọ́dà.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo jáde síbi ọkọ̀. Yáò ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi. Yáò! Mo wọlé, mo fara mọ́ ọ̀pá jíà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń retí ìdí Tàntí Afí. Tàntí Afí bọ́ sẹ́yìn. Èèyàn márùn-ún há síbẹ̀, wọ́n fún pọ̀ bí ẹja inú agolo. Èmi nìkan ló wà lórí àga iwájú.

Mo ní, "Tàntí, ṣé mo ń rùn ni?"

Kò bú mi. Ó ní, "Jókòó dáadáa, Tọ́ntọ́n." Ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbé bùrẹ́dì lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ti mọ̀. Èmi náà mọ̀. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n á ní kó máa bọ̀, wọ́n á ní ìyá ń pè é, wọ́n á wá ẹni tí yóò mú un dání, kó má lọ ṣubú sójú ọ̀nà. Mo jókòó sórí àga yẹn, ó fẹ̀ bíi pápá, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀: bóyá Yáò ń wá owó yá. Bóyá Tàntí ń ṣàárẹ̀. Mo lè yíjú padà kí n béèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè, wọ́n lè dá a lóhùn. Mo jẹ bùrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, kí ẹnu mi má baà ráyè.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Mo pe Sàrátù.

"Ìyá dà?"

Ó ní, "Ìyá... Ìyá lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lọ kí àwọn ará ibẹ̀."

Ìyá mi tí kì í dé ọjà nítorí orúnkún! Mo ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé."

Ó ní, "Màá kí wọn." Fóònù kú. N kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló pa á.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń wojú mi, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Mùsíyé Kọ́mí á dé ẹnu ọ̀nà mi, á ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ kú... ẹ kú ọyẹ́," á sì padà. Àáfà tó ń ṣáájú wa nírun lọ́jà dì mí lọ́wọ́ mú pẹ́, ó ní, "Sùúrù, sùúrù," ó sì lọ. Mo ní àmín sí gbogbo rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò tó máa ń gbé òwú fẹ́ gbéra lọ́jọ́ kejì. Mo dúró sílé láti di í. Ìlú ti ṣófo bó ṣe máa ń ṣófo, àfi ewúrẹ́ àti Ìyá Àgbà tó jókòó ti ẹní rẹ̀ nínú oòrùn. Mo mú àpò dání. Ẹ wo ẹ̀rù bó ṣe ń ṣe èèyàn: mo fẹ́ kí òun náà parọ́ fún mi. Mo fẹ́ kó ní, "Òun nìyí, mú un lọ."

"Ìyá Àgbà, mo wá gba òwú ìyá mi."

Kò gbójú sókè. Ó ń yọ kóró. Ó ní, "Ta ni yóò ran án?"

Mo na àpò sí i. Ó gbójú sókè wàyí, ó wo àpò ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọmọ mi. Wọn ò tíì sọ fún ọ?"

Mo jókòó. Orí òwú funfun tó sá ni mo jókòó lé, tèmi ti eruku ṣòkòtò mi. Kò bá mi wí. Ó sún mọ́ mi, ó gbá mi lórí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ ìyá mi jẹ́jẹ́, obìnrin tí kò rí rí. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ewúrẹ́ kan dìde, ó yẹra fún wa.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí ọkọ̀ Yáò yọ, Ìyá Àgbà dìde dúró sáàárín ọ̀nà. Yáò tẹ bíréèkì.

"Ta ló sọ fún un nínú yín?"

Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Mùsíyé Kọ́mí wo Yáò. Yáò wo Tàntí Afí. Ojú Mùsíyé Kọ́mí funfun bí ẹfun.

Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìsẹ́yìn ló pè mí lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n má sọ ọ́ tààrà, kí n ní ara Ìyá ò yá, kí n mú yín dé ibodè, àwọn á wá pàdé yín. Mo wá ń rò ó pé ọmọ Àgùdà ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń sọ ikú fún Mùsùlùmí? Mo lọ bá Àáfà yín. Ó ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ó ti sọ."

A pe Àáfà lórí fóònù. Àáfà ní, "Onílé rẹ̀ ló gbọ́ ọ, ilé onílé rẹ̀ ló ń sùn, mo rò pé ó wá sọ fún mi kí n lè mọ̀ ni."

Yáò ní, "Mo ti rọ epo kún ọkọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo ń retí kí wọ́n ní ká lọ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ti pè lẹ́ẹ̀kejì, Mùsíyé Kọ́mí sì ti dá a lóhùn pé a ti ń palẹ̀ mọ́. Kì í ṣe irọ́. Epo wà nínú ọkọ̀.

Tàntí Afí ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ń fi ìborùn nujú. "A rí ọ láràárọ̀ tó ò ń lọ síṣẹ́, tó ò ń jẹ bùrẹ́dì. A ní, 'Ẹ wo ọkùnrin! Wọ́n sọ irú èyí fún un, ó gbé e mì, kò mi.' Gbogbo ọkọ̀ ló ń yìn ọ́, Tọ́ntọ́n. A ní o láyà."

Èmi. Láyà.

Mo béèrè lọ́wọ́ Mùsíyé Kọ́mí pé ọjọ́ wo ni. Ó ní ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe èyí tó kọjá yìí, ti iwájú rẹ̀. Mo kà á lórí ìka, bí ọmọ iléèwé. Ọjọ́ kẹjọ ti bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, mo fọ aṣọ. Mo rántí pé mo fọ aṣọ.

Mùsíyé Kọ́mí dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí yẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀. Mo fà á dìde. Kí ni kí n bá a wí? Ó bẹ̀rù láti sọ ọ́. Èmi bẹ̀rù láti gbọ́ ọ. Láàárín ìbẹ̀rù tiwa méjèèjì ni ìyá mi ti gba àdúrà rẹ̀ lọ láìsí mi níbẹ̀.

Mo pe Sàrátù ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kì í ṣe Jímọ̀. Ó gbé e, ó gbọ́ èémí mi, ó sì mọ̀.

Mo ní, "Wọ́n pe orúkọ mi?"

"Wọ́n pè é, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n wò yíká?"

Mo ń gbọ́ ẹyẹ ilé wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wò yíká. Èmi náà wò yíká. Mo rò pé ẹ máa yọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó pẹ́, mo dìde lẹ́ẹ̀kejì, mo dáhùn fún yín."

N kò pa fóònù. Òun náà ò sì pa fóònù.

Mo ti lọ sílé láti ìgbà náà, Yáò ló gbé mi dé ibodè, kò gba owó epo. Mo rí ibojì. Mo rí kẹ̀kẹ́ ìrànwú, òwú díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó dúró ní àárín rírán. Wọ́n nu àga fún mi. Mo jókòó dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo padà wá, nítorí n kò mọ ẹni tí màá máa sọ "láìpẹ́" fún níbẹ̀ mọ́.

Òwú ti ọdún yẹn ṣì wà nínú yàrá mi. Ìyá Àgbà ò gbà á padà, èmi náà ò sì tà á.

Àárọ̀ tí mo padà síṣẹ́, ọyẹ́ ń jẹ èèyàn létí. Yáò ṣílẹ̀kùn iwájú. Mo wọlé, mo jókòó sáàárín àga, mo ti gbà pé bó ṣe máa rí nìyẹn: ààyè púpọ̀ àti ìdákẹ́jẹ́. Mo ń wo òkè.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Nǹkan ńlá kan gbá mi ní ìbàdí, ó tì mí dé ara ọ̀pá jíà.

"Sún, Tọ́ntọ́n," ni Tàntí Afí wí. Ohùn rẹ̀ ò dúró dáadáa. "Àbí ìwọ nìkan lo ra ọkọ̀?"

Mo sún.